Ọ́ìlì Fọ́tì Nínú Ẹ́ńjìnnì Tuntun

Fadikpe, Mínà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, ọdún 2024.

Ìkẹ́olúwa ọmọ mi, Àṣàbí,

Ṣé dáadáa lo jí? Ògoolúwa ọkọ rẹ ńkọ́, Bámiṣe ọmọ ọmọ mi ńkọ́? Mo ní kí òtútù Kánádà rọra ṣe yín. Níhìn-ín, ọyẹ́ ti gba ìlú, ètè gbogbo wa ti là, aṣọ funfun kò sì ṣeé sá síta mọ́. Ara mi le, àfi orúnkún òsì tó máa ń rán mi létí gbogbo kúlọ́ọ̀ṣì tí mo ti tẹ̀ láyé mi.

Mo tún padà sí lẹ́tà o. Lórí fóònù, kí n tó parí ọ̀rọ̀ kan ìwọ ti dáhùn mẹ́ta, ìjà la sì fi ń parí rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ. Lẹ́tà kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu. Ẹni tó bá ń lọ sí Àbújá ni màá fún kó bá mi fi í ránṣẹ́.

Ọkọ̀ náà ti dé. Tíà-rọ́bà ni lóòótọ́, kì í ṣe tòkunbọ̀. Ọ̀rá ṣì wà lórí àga, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó o. Láti ìgbà tí náìn-ìlẹ́fìn, ọkọ̀ wa àtijọ́, ti kú, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo ń wà kiri. Owó tí èmi àti ìwọ kó jọ yìí ló jẹ́ kí n jókòó sínú tírélà tí n kò bá òórùn sìgá ẹlòmíràn níbẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà sí i lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹgbẹ́ akọrin yí i ká. Àwọn awakọ̀ páàkì wá wò ó, wọ́n fi Hausa yìn mí, "Madalla, Bàbá Ìkẹ́." Mo ń rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ọkọ̀ tí màá fi ṣiṣẹ́ kẹ́yìn nìyí, Àṣàbí. Tó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, n kò lè ra òmíràn, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ilé jíjókòó ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, mo fi ìka kàn án, omi ni. Ó ń sá lọ láàárín ìka mi. Èyí kò lè gbé iṣu ọjà Kasuwan Gwari dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti sọ fún Ràsákì, mẹkáníìkì wa ní Chanchaga, pé kó da èyí nù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká wá da ọ́ìlì fọ́tì sí i, èyí tó ki bí oyin, tí mo ń lò láti ayé náìn-ìlẹ́fìn. Dísẹ̀lì sì ti wọ́n, mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà máa jẹ díẹ̀. Mo ti ń yọ ọ́ kúrò nínú jíà sí fíríì tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Jẹ́bà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ìwọ náà ń wa irú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Kọ̀wé, kí o sọ bí ẹ̀yin ṣe ń ṣe é.

Ọdún kẹta rèé tí ìyá rẹ ti sùn, o kò tíì rí ibojì rẹ̀. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ,
John.


Saskatoon, Kánádà,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú yìnyín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun, ẹ kú orúnkún náà. Ògoolúwa ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀. Bámiṣe ti ń sọ "ẹ káàárọ̀" fún gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ ọ̀sán, ìbáà jẹ́ alẹ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo rántí bí ẹ ṣe ń fi Bíbélì Yorùbá lé mi kiri ilé nígbà tó jẹ́ pé Hausa ni mo fi ń jà, òun náà ni mo fi ń tọrọ oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ ibojì màmá dùn mí. Ìwé ìgbélùú ló dè mí mọ́lẹ̀ nígbà náà, ẹ sì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa fi nà mí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọkọ̀. Bàbá, ẹ má da fọ́tì sínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Èyí tí wọ́n kọ 10W-30 sí lára ni kí ẹ rà, bí ìwé ọkọ̀ ti wí, kí ẹ sì wò ó dáadáa pé ti ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tuntun ni. Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ gbòòrò, ti ìsinsìnyí rí tóóró. Ọ́ìlì tó ki kì í tètè dé ibi tó ń lọ láàárọ̀. Ẹ́ńjìnnì á sì máa fi agbára tì í kiri, inú dísẹ̀lì ni agbára yẹn ti ń wá. Ẹ má fi ìka wọn ọ́ìlì mọ́. Oògùn tó ń fọ èédú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì wà nínú èyí tí ẹ pè ní omi yẹn, kò tó nǹkan nínú fọ́tì tí wọ́n ń bù nínú àgbá. Òótọ́ ni pé ó wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ibi tí ẹ ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ẹ yé fi ọkọ̀ sí fíríì ní òkè Jẹ́bà. Tó bá wà nínú jíà tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì tuntun kì í mu dísẹ̀lì rárá. Inú fíríì gan-an ló ti ń mu ún, kó má baà kú. Ewu bíréèkì tún wà ńbẹ̀. Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ má sáré àsápajúdé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lásán níbi tí ẹ ti ń mu tíì.

Ọgbọ́n náìn-ìlẹ́fìn kò bá ọkọ̀ yìí mu, Bàbá. Ẹ gbàgbé gbogbo èyí tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ ṣe bí ìwé ti wí.

Ọmọ yín,
Ìkẹ́olúwa.


Saskatoon,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń retí lẹ́tà, n kò rí. Mo pè, ẹ ò gbé e. Ràsákì ní ara yín le, pé ojú ọ̀nà lẹ wà. Mo bi í nípa ọ́ìlì, ó ní kí n bi bàbá mi.

Bóyá lẹ́tà mi le jù. Ìrìn àjò gígùn ni mo ti dé lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, ó sì rẹ̀ mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ra dísẹ̀lì ní ìlú kékeré kan. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí òun náà ń wa tírélà, ó ń fi Hausa bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo kí i kú iṣẹ́, "Sannu da aiki." Ó yíjú padà, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ nínú aṣọ òtútù mi, ó bi mí níbi tí mo ti wá, "Daga ina?" Mo ní, "Daga Minna." Sindà, ìlú Hausa kan lẹ́yìn ààlà wa, lòun ti wá. A kò mọ ara wa rí, ṣùgbọ́n a dúró sínú yìnyín, a ń sọ̀rọ̀ àkàrà kósàì gbígbóná àti fùrá bí ọmọ ìyá.

Nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, mo sunkún díẹ̀. Ìgbà tí a bá gba ìsinmi iléèwé tí ẹ bá gbé mi lọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló sọ sí mi lọ́kàn. Èmi á wà lẹ́yìn àga, orí mi á wà lórí àpò aṣọ. Màmá á ti di dùǹdú àti ẹja sínú kúlà. Tí a bá dé Mokwa, màí ṣáyì tó ń ta tíì létí ọ̀nà yẹn á máa da tíì láti inú ife dé inú ife, á fà á gùn bí apá rẹ̀ ti gùn tó, n kò sì rí i kó ta sílẹ̀ rí. Tí a bá gun afárá Odò Ọya, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn, ẹ ò sì ní dákẹ́ títí a ó fi sọdá. Mo máa ń rò pé orin yẹn ló gbé afárá dúró. Ọ̀nà ibí tọ́ gbọọrọ, kò sí kòtò, kò sì sí ẹni tó ń juwọ́ síni. Ọ́ìlì gan-an, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ló ń dà á, ọwọ́ mi kì í kàn án. Àárò òórùn rẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì yín ń sọ mí.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi sínú ìwé.

Ìkẹ́ yín.


Fadikpe, Mínà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2024.

Ìkẹ́olúwa,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé ọwọ́ mi. A dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè.

Èyí àkọ́kọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo ká a. Mo bi ọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún, ìwọ jókòó, o ń ka àìmọ̀kan mi fún mi. O ní kí n gbàgbé gbogbo èyí tí mo mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ yẹn ló rán ọ lọ sí iléèwé gíga ní Bosso. Òun ló kọ́ ilé tí mo jókòó sí yìí. Mo ti wakọ̀ nínú òjò, nínú ọyẹ́, lójú ọ̀nà Bídà nígbà tí kòtò rẹ̀ lè gbé màlúù mì, n kò sì ba ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Ọmọ tí mo gbé lé itan kọ́ ní sítíárì ló wá ń pàṣẹ fún mi. Haba.

Fọ́tì ni mo dà sí i, kí o gbọ́. Ràsákì ló dà á, èmi ni mo dúró tì í. Láti ìgbà náà mo ti lọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti lọ Ìbàdàn, mo ti lọ Ṣakí, àlọ àti àbọ̀, n kò sinmi. Òótọ́ ni pé dísẹ̀lì tó ń mu ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ayédèrú dísẹ̀lì ló wà níta. Mo ti bá Akeem tó ń tà á fún mi ní Kpakungu jà lórí rẹ̀. "Bàbá, wallahi, dísẹ̀lì mi mọ́," ló ń wí. N kò gbà á gbọ́.

Kí o má baà sọ pé olóríkunkun ni mí, mo gba apá kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun kì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀ lemọ́lemọ́. Ìwé ọkọ̀ náà wí bẹ́ẹ̀. Mo wá rò ó pé bí omi tìrẹ bá lè rin irú ọ̀nà gígùn bẹ́ẹ̀, fọ́tì tèmi tó ki jù ú lọ yóò rìn ín kọjá. Nítorí náà n kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dà á sí i, n kò sì ní pààrọ̀ rẹ̀ títí di Kérésìmesì. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?

Lẹ́tà kejì sàn. Mo kà á fún Ràsákì, ó rẹ́rìn-ín. Màí ṣáyì Mokwa ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Òun náà ń fa tíì gùn, ṣùgbọ́n ó máa ń ta sílẹ̀.

Fi fọ́tò Bámiṣe ránṣẹ́, èyí tí kò wọ fìlà kó lè hàn.

Bàbá rẹ.


Saskatoon,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ dá ọkọ̀ náà dúró. Ibikíbi tí lẹ́tà yìí bá ti bá yín, ẹ má ṣe ṣíná sí i títí Ràsákì yóò fi da ọ́ìlì yẹn nù.

N kò bínú, n kò sì kọ́ yín ní iṣẹ́ yín. Èmi ni n kò ṣàlàyé tó, ìdajì ọ̀rọ̀ mi ló dé etí yín. Ọ̀nà gígùn yẹn, ọ́ìlì inú ìwé nìkan ló lè rìn ín. Èédú tó ń kó sínú fọ́tì yóò pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, yóò di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà á sì dí àwọn ojú ọ̀nà tóóró wọ̀nyẹn pa. Tọ́bò ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Tí ẹ bá tún ń wà á lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì náà á tẹ̀lé e. Dísẹ̀lì Akeem kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ọ́ìlì ló ń jẹ ẹ́.

Mo tún pè yín, ẹ ò gbé e. Mo pe Ràsákì. Ó ní, "Haba Àǹtí, mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ." Mo wá ń kọ lẹ́tà bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ òfurufú.

Kì í ṣe irin ni mò ń sunkún sí. Mo rántí ọdún tí náìn-ìlẹ́fìn kú. Màmá máa ń pè mí, á ní ẹ kì í sọ̀rọ̀ mọ́, pé ẹ kàn ń jáde sẹ́nu ọ̀nà, ẹ tún ń padà wọlé. N kò fẹ́ kí ẹ padà síbẹ̀, pàápàá ní báyìí tí kò sí ẹni tó máa bá yín wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí.

Mo san owó kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí kíákíá. Ẹ kà á.

Ìkẹ́olúwa.


Fadikpe, Mínà,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, ọdún 2024.

Ìkẹ́olúwa, Àṣàbí, ọmọ mi,

Ìwọ àti ilé rẹ ńkọ́? Òjò ti dé sí Mínà dáadáa. Àgbàdo ti kún ẹ̀gbẹ́ títì ní Chanchaga, èyí tí wọ́n sun àti èyí tí wọ́n sè. Mo rí fọ́tò Bámiṣe. Iwájú orí ìyá rẹ ló gbé wáyé, mo sì fi hàn án fún gbogbo ìjọ.

Fara balẹ̀ ka ìyókù. Ọkọ̀ náà wà láàyè.

Lẹ́tà rẹ bá mi níbi tí a ti ń kó iṣu sínú ọkọ̀. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, mo ní ìbáwí mìíràn ti dé, mo fi í sápò. Nígbà tí a kọjá Mokwa tí a ń gun òkè, agbára ọkọ̀ náà dínkù. Mo tẹ ẹ́, kò dáhùn. Èéfín dúdú bo ẹ̀yìn wa, nǹkan kan ń súfèé nínú ẹ́ńjìnnì, iná pupa ti ọ́ìlì sì tàn níwájú mi. Ẹlòmíràn ì bá rọ́ ọ dé Jẹ́bà, torí pé ibẹ̀ kò jìnnà, mẹkáníìkì sì wà níbẹ̀. Mo darí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa á lójú ẹsẹ̀, mo fi òkúta há táyà.

Abẹ́ igi dóńgóyárò ni mo jókòó sí tí mo ti ṣí lẹ́tà rẹ. Mo kà á tán, mo tún un kà. Gbogbo ohun tí o kọ síbẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ níwájú mi. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, n kò mọ ìgbà tí ojú mi kún fún omi. Mo ní, ọmọ yìí rí mi láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, èmi tí mo jókòó sínú ọkọ̀ kò rí ara mi.

Ràsákì dé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó tú ìdí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì náà kò fẹ́ jáde, ó ń já bọ́ lódidi bí ọṣẹ dúdú. Ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ràsákì, sọ ọ́." Ó ní, "Bàbá, n ò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ o. Allah ya kiyaye, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa." Tọ́bò ti lọ, bí o ti wí. Ẹ́ńjìnnì kò tíì fara gbá a. Ràsákì ní ká ní mo wà á dé Jẹ́bà ni, òkú ẹ́ńjìnnì là bá fà wálé. Ìwọ mọ ọ́ìlì, èmi mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn pa ọkọ̀. Mo rò pé àwa méjèèjì la gbà á là.

Tọ́bò tuntun àti ọ́ìlì inú ìwé ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Dísẹ̀lì tí kò gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́ kó gbé mi padà ti ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀, ó sì ń ṣẹ́kù. Ní òkè Jẹ́bà, mo ń fi í sílẹ̀ nínú jíà. Ọwọ́ mi ṣì máa ń yá sí fíríì, màá fà á padà. Mo ti bẹ Akeem. Ó ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n kò tíì máa bá mi ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ, Ìkẹ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni agídí. Ìyá rẹ mọ ohùn náìn-ìlẹ́fìn. Bí mo bá ti yà kúrò ní títì tí mo wọ Fadikpe, á ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, á sì gbé omi ìwẹ̀ mi kaná. Ọkọ̀ mìíràn á kọjá, kò ní dìde. Kò ṣì í rí. Kí n tó palẹ̀ ẹrù mi mọ́, omi ti gbóná. Ọkọ̀ tuntun yìí kò ní ohùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e wọ àdúgbò, ó wọlé bí olè. Mo jókòó sínú rẹ̀ níwájú ilé wa, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé òkú kì í gbọ́ ìró ọkọ̀. Mo kàn fẹ́ kó dún bí èyí tó mọ̀. Mo rò pé ọ́ìlì tó ki yóò fún un ní ohùn. Ó sì fún un díẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé etí mi ló fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ náà tún ti dákẹ́ báyìí. Kò burú. Tí mo bá ti yà wọ Fadikpe, mo máa ń fun fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn aládùúgbò rò pé àwọn ni mò ń kí, wọ́n á juwọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà màá wọlé, màá gbé omi kaná fúnra mi.

Bàbá rẹ,
John.